Irun Ọrùn Àgbò Yín

Ìyá mi àtàtà,

N kò mọ irú kíkí tí a ń kí ẹni tó ti lọ, nítorí náà mo kí yín bí mo ṣe máa ń kí yín tí mo bá ti Àkúrẹ́ dé: ẹ kú ilé o.

Òkun ti gba ibi tí ọgbà àgùntàn yín wà ní Awoye. Koríko ẹ̀yìn ilé mu omi iyọ̀, ó gbẹ. Abo méjì àti àgbò ńlá nìkan ló kù nínú ìran àgùntàn tí ìyá yín fi lé yín lọ́wọ́. Àwọn àgbò tí a ń rí káàkiri, irun wọn kúrú, ó lẹ̀ mọ́ ara bíi ti ewúrẹ́. Tiyín nìkan ni irun bo ọrùn rẹ̀ títí dé àyà. Irun yẹn lẹ máa ń gé, tí ẹ ó fi omi òjò fọ̀, tí ẹ ó pò mọ́ òwú, tí ẹ ó sì ran di fọ́nrán. Ẹ máa ń fi itọ́ ra ìka kí ẹ tó fa òwú. Kò sí ọmọ tí a bí nínú ilé wa tí a kò fi fọ́nrán yẹn so lọ́rùn ọwọ́.

Fúnmi, ọmọ mi, ti lóyún. Fọ́nrán tí ẹ ran sílẹ̀ sì ti tán. Ìdí nìyẹn tí èmi àti Ẹ̀gbọ́n Mojí fi fẹ́ kó àwọn àgùntàn náà lọ sí Igbokoda, níbi tí koríko ṣì wà, kí ebi má baà mú irun àgbò náà re.

Ẹ kọ́ wa pé ìró tí ẹni tó ni àgùntàn ti ró ni kí a fi bo ojú rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀gbọ́n mú ìró yín wá. Ó ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, káfúrà ló ń ta sánsán lára rẹ̀. Ó fẹ́ bọ̀wọ̀ fún yín ni.

Atukọ̀ wò wá, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin ìyá wọ̀nyí, ṣé ìyàwó lẹ ń sìn lọ, tí ẹ bò ó lójú báyìí?”

“Wa ọkọ̀ rẹ, jàre,” ni Ẹ̀gbọ́n wí. “Ọkọ ìyàwó ni.”

A ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ́ńjìnnì ké. Àgbò náà ń fi imú wá òórùn yín nínú aṣọ náà, kò rí i. Ó fò sómi. Okùn bọ́ lọ́wọ́ mi. Irun tí a torí rẹ̀ gbé e mu omi, ó wúwo, ó sì fa orí rẹ̀ wálẹ̀. Ìró yín nìkan la rí fà jáde.

“Mo ti pa àgbò Màmá,” ni Ẹ̀gbọ́n ń wí ṣáá. Ìyá, èéṣe tí ẹ kò sọ fún wa pé òórùn yín ni nǹkan náà, pé a kò gbọdọ̀ fọ aṣọ yẹn? Àbí ẹ rò pé a mọ̀ ni?

Àwọn abo méjèèjì dé Igbokoda láyọ̀. Àgbò aládùúgbò ti ń gùn wọ́n. Ọmọ tí wọn yóò bí, ọrùn rẹ̀ yóò mọ́, kò ní ní irun.

Láàárọ̀ yìí, Fúnmi pè mí lórí fóònù. Ó ní, “Màmá, ṣé ẹ ti ran fọ́nrán ọmọ mi?”

Mo ní, “Ó kù díẹ̀.”

Èmi ni,
àbígbẹ̀yìn yín tí kò mọ òwú ran.