Má Dá Mọ́ọ̀pù Oníná Padà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ sún mọ́bí, ẹ wá gbọ́. Mo mọ̀ pé ìwọ nìkan lará ilé, ọmọ mi, àmọ́ tí mo bá pe ọ̀pọ̀, ilé á kún díẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, nígbà tó o ti lọ síbi iṣẹ́, ìyá rẹ fẹ́ kí ilé máa ta sánsán dè ọ́, ló bá da omi ọṣẹ sínú mọ́ọ̀pù oníná tó ń fi ooru omi nulẹ̀ yìí. Kò pẹ́ tí ìhó ọṣẹ fi ń yọ lẹ́nu ẹ̀, ooru ò jáde mọ́. Ìyá Ìbejì ìsàlẹ̀ yọjú, ó ní, “Màmá, ṣé mọ́ọ̀pù yín ń fọ eyín ni?” A rẹ́rìn-ín títí.

A yọ wáyà ẹ̀, a jẹ́ kó tutù, a da ọṣẹ nù, a sì fi abẹ́rẹ́ la ihò ẹnu ẹ̀. Omi àti fíníga díẹ̀ tó máa fọ ìyókù ọṣẹ kúrò ló wà nínú ẹ̀ báyìí. Má ki wáyà ẹ̀ bọ iná o, màá fi omi lásán ṣàn án tí mo bá dé.

O ti sọ pé tó bá tún bàjẹ́, wàá dá a padà fún ẹni tó tà á. Jọ̀ọ́, má dá a padà. Ilẹ̀ ò dọ̀tí, èmi náà mọ̀. Àmọ́ tí mo bá ń kọrin pé, “Ilẹ̀ mọ́, ilé mọ́, ẹsẹ̀ ta ni yóò tẹ̀ ẹ́?” tó sì ń ṣe “ṣìì, ṣìì,” ó máa ń dà bíi pé ẹnì kan ń bá mi gbè é.

Ìyá Ìbejì ní kí n wá bá àwọn jẹun, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ń lọ báyìí. Tó o bá ti ibi iṣẹ́ dé, má dá jẹun lókè o. Sọ̀ kalẹ̀ wá, ká jọ jẹ, ká jọ yó, ká jọ gòkè wálé.