Ẹ̀rọ Kò Mọ Àbọ̀ Ọ̀rọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa, mo sì kí orúnkún tó ń dà yín láàmú. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá yín níbi tí ara ti tù yín. Kò sí ẹni tó ṣàìsàn lọ́dọ̀ wa níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Nínú lẹ́tà yín tó kẹ́yìn, ẹ bi mí pé kí ni ẹni tó ti ṣe ògbufọ̀ ilé ẹjọ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún ń wá láàárín àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ẹ ní ẹ̀rọ yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, n óò sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ ìbéèrè gidi ni, mo sì ti rí ìdáhùn rẹ̀.

Àwa méje ni a wà nílé iṣẹ́ náà, nínú yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún bàtà ṣe. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe nǹkan ní láti to gbogbo ìgbésẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Irinṣẹ́ tiwa kò béèrè ìgbésẹ̀. Ohun tí o fẹ́ àti ìdí tí o fi fẹ́ ẹ ni o máa kọ, bí o ṣe máa sọ ọ́ lẹ́nu gan-an, òun ni yóò fúnra rẹ̀ kọ ètò náà. Ọ̀gá wa ní òun gbà mí nítorí pé mo ti fi ìdajì ayé mi wádìí ohun tí èèyàn ní lọ́kàn tí kò tíì ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Lóṣù tó kọjá, ilé ìwòsàn kan gbé iṣẹ́ wá, láti ẹ̀ka tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ mẹ́fà péré ni wọ́n ní, àwọn tó ń dúró de àyè sì pọ̀ bí eṣú. Àgbà nọ́ọ̀sì ibẹ̀, obìnrin kúkúrú kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, jókòó sídìí kọ̀ǹpútà wa, ó kọ ohun tó fẹ́. Lára rẹ̀ ni pé: "Ẹni tí kò bá wá lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, kí a fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn." Kó tó mu tíì rẹ̀ tán, ètò ti délẹ̀. A dán an wò, a kò rí àṣìṣe kankan. Ẹni tó kọ èyí tó pọ̀ jù nínú irinṣẹ́ náà, tí à ń pè ní Báyìí-ni nítorí pé bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn, pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.

Èmi ní kí wọ́n fi orúkọ àwọn tí ètò náà máa yọ lọ́jọ́ yẹn hàn wá. Wọ́n jẹ́ mẹ́rin. Nọ́ọ̀sì kà á, ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á. Ó ní, "Tíṣà wa rèé. Tíṣà kò sá o. Wọ́ọ̀dù òkè ló wà, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló dá a dúró síbẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó wà ní wọ́ọ̀dù ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa padà sọ́dọ̀ wa." Bó bá padà tí kò bá àyè, ẹ̀gbọ́n mi, bóyá ni ìbá fi lo ọ̀sẹ̀ méjì láyé.

Báyìí-ni ní, "Báyìí ni, ohun tí màmá kọ náà ni ẹ̀rọ ṣe." Òótọ́ ló sọ. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í ṣe ọmọlúwàbí. Àbọ̀ tí o bá fún un ni yóò fi ṣiṣẹ́, tọ̀yàyàtọ̀yàyà.

Mo bi nọ́ọ̀sì bí mo ṣe máa ń bi ẹlẹ́rìí: "Nígbà tí ẹ ń kọ ọ́, ta ló wà lọ́kàn yín?" Ó ronú. Ó ní, "Àwọn tó kó lọ síbòmíràn tí wọn kò sọ fún wa. N kò fẹ́ kí ẹ̀rọ wà lófìfo nígbà tí ẹnì kan ń kú lọ níta." Mo ní, "Ìyẹn gan-an ni kí ẹ kọ."

Ọ̀gá wa fẹ́ ká tún ìlà kan yẹn ṣe, ká máa lọ, torí pé ọjọ́ Ẹtì ni àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn ń bọ̀ wá wò ó. Mo kọ̀. Mo ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlà kan, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni gbogbo èèyàn máa gbé wá, n kò sì ní fọwọ́ sí i. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Mo ní mo mọ iye ọjọ́ tó kù. Báyìí-ni tí mo rò pé inú máa bí ló fa àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ó ní, "Báyìí ni, kí ni kó máa béèrè?"

Èmi ń pe ìbéèrè, òun ń kọ ọ́. Ní báyìí, kí irinṣẹ́ wa tó kọ ohunkóhun, yóò kọ́kọ́ fa àwọn tí ọ̀rọ̀ náà máa kàn jáde, á sì béèrè pé, "Ẹni báyìí ńkọ́? Ṣé ohun tí o ní lọ́kàn fún un nìyí?"

Lọ́jọ́ Ẹtì, olórí ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ jókòó tì í. Ó kọ ọ́ pé kí gbogbo àlejò máa lọ ní aago mẹ́fà. Ẹ̀rọ bi í pé: "Ìyá ọmọ ọdún mẹ́ta tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Ṣé àlejò ni?" Olórí náà ní, "Rárá o. Ta ló kọ́ nǹkan yìí ní ìbéèrè?" Báyìí-ni nawọ́ sí mi. Wọ́n gbà á lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ilé ìwòsàn méjì mìíràn sì ti ń pè wá. Ọ̀gá wa kò tọrọ àforíjì, àmọ́ ó ní kí n bá òun wá ògbufọ̀ méjì sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí ni mo lọ sí ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ náà. Tíṣà wà lórí àga rẹ̀, ẹ̀rọ ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ètò wa fẹ́ yọ orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo dúró láti kí i. Ó ní kí n jọ̀ọ́ sún díẹ̀, mo ń dí òun ní ìmọ́lẹ̀. Mo sún.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ilé yín, kí ẹ̀yin àti ìyàwó wa pẹ́ fún wa, kí á má ṣe gbúròó ibi ara wa.

Èmi ni,
Àbúrò yín tó ń fi gbogbo ìgbà béèrè ọ̀rọ̀.

Àfikún: Ọ̀rẹ́ ìyàwó wa tó ń túmọ̀ èdè ní ilé ẹjọ́ ọ̀hún, tó ní iṣẹ́ ti sú òun, ẹ ní kó kọ̀wé sí mi kíákíá. Kó má sọ pé òun kò mọ kọ̀ǹpútà o. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n.