Ìkòkò Tí Mùnírù Fọ́

                                        Agbo Ilé Oníkòkò,
                                        Ajílété,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Kẹwàá, 2024.

Habeebah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ ìyá rẹ ti ń gbé wọn dé mọ́sálásí báyìí? Ẹ kú ìnira iná mànàmáná ní Ayétòrò, èmi náà gbọ́ nípa rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun pé mo ṣì wà láàyè láti béèrè yín. Má wo bí ìkọ̀wé mi ṣe rí o. Wọ́n so apá òsì mi mọ́ ọrùn, kò sí ohun tó di bébà mú, ńṣe ló ń sá kiri lábẹ́ bírò. Mùnírù sì ti tẹ fóònù mi fọ́ ní Sátidé tó kọjá, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà bí ìgbà tí a wà ní iléèwé.

Mo gbọ́ ohun tí o sọ kẹ́yìn lórí fóònù. O ní Mùnírù ọkọ mi ti yí padà, ó ń sunkún, kí n padà sílé, pé ojú ń ti ìwọ tí o ṣe alárenà wa. Habeebah, ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé nílé ọkùnrin yẹn. Eyín mi méjì ṣì wà níbẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń gbé níbí fún ọ. Ìyáàfin Kòfowórọlá, ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì wa ní Ìlaròó, ló sọ pé kí n kọ́ bí mo ṣe máa fẹ́ràn ara mi. Díẹ̀ ló kù kí n bú u. Ta ló ráyè ìyẹn? Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, kí n tó ṣe ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni, màá jókòó, màá mu ògì gbígbóná mi tán. Nílé Mùnírù, ìdúró ni mo ti ń jẹun, etí mi á wà lẹ́nu ọ̀nà. Màá rọra fi òrí pa àpá ọrùn mi. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá rìn dé odò, màá padà, mi ò ní sọ ibi tí mo lọ fún ẹnì kan.

Lẹ́yìn náà ni mo padà sídìí amọ̀. O mọ̀ pé láti kékeré ni mo ti ń mọ ìkòkò lọ́dọ̀ Màmá Àpèkẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí mo sá wá bá. Mùnírù ló dá mi dúró nígbà tó fẹ́ mi, ó ní ìyàwó òun kò ní fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ bu oúnjẹ fún òun. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọwọ́ mi ti gbàgbé gbogbo rẹ̀. Màmá wo iṣẹ́ mi, wọ́n ní, "Mẹ̀dínátù, ṣé ìkòkò lò ń mọ ni àbí etí ewúrẹ́?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, mo ti mọ ìkòkò mẹ́rìnlá, wọ́n gbẹ dáadáa lábẹ́ ìbòji, a sì ti ní Sátidé la máa sun wọ́n.

Sátidé náà ni Mùnírù dé. Ìwọ lo júwe ilé fún un, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Kò kí Màmá. Ó ní, "Wọ ọkọ̀." Mo ní mi ò lọ. Ló bá tàpá sí ìkòkò kan. Ó gbé òmíràn, ó là á mọ́ ògiri. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń fọ́ wọn, tó ń wo ojú mi, bó ṣe máa ń ṣe sí ẹrù mi nílé, títí mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá fi tán.

Ibẹ̀ ló ti ṣìṣe. Ìkòkò tí a kò tíì sun, tí o bá fọ́ ọ, amọ̀ náà ni. A ó gún un, a ó bomi rin ín, a ó tún un mọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ní agbo ilé yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó ń làágùn, ó rò pé òun ti ba ayé mi jẹ́. Habeebah, ẹ̀rín ni mo bú sí.

Kò lè gba ẹ̀rín yẹn. Ó fa igi tí a fi ń lu ara ìkòkò yọ, ó là á mọ́ mi lápá, mo gbọ́ bí egungun ṣe dá. Ó gbá orí mi mọ́lẹ̀, ó gun àyà mi, ó fún mi lọ́rùn. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń dákẹ́ kó lè tètè tán. Lọ́tẹ̀ yìí, inú bí mi. Mo ní lọ́kàn mi pé mi ò ní kú, mo níṣẹ́ lọ́wọ́. Mo ki eyín bọ ọwọ́ rẹ̀, mi ò sì fi í sílẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi kún ẹnu mi. Màmá Àpèkẹ́ gbé ọmọ odó tí wọ́n fi ń gún amọ̀, wọ́n fi fọ́ ọ lórúnkún. Ìgbà yẹn ló tó rántí pe Ọlọ́hun. Àwọn aládùúgbò dì í mú, wọ́n fà á lọ sí tésàn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dé tésàn nítorí rẹ̀ rí, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta lo bẹ̀ mí, tí mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọlọ́pàá bi mí pé, "Màdáàmù, kí lẹ fẹ́ ká ṣe?" Mo ní, "Ẹ tì í mọ́lé. Ẹ gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù."

Bá mi kí ìyá rẹ àti àwọn ọmọ. Màmá Àpèkẹ́ ní kí n kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ṣì ń bí wọn sí ọ.

Awakọ̀ Ayétòrò ni mo fún ní lẹ́tà yìí, kó lè dé ọwọ́ rẹ lónìí, nítorí Mùnírù ti ní ìwọ ni kí wọ́n pè láti wá gba béèlì òun. Mo fẹ́ràn rẹ, Habeebah. Tí o bá fẹ́ mọ bí mo ṣe wà, wá, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí o bá fọwọ́ síwèé fún un, má wá sí Ajílété mọ́ láé.

                                        Èmi tí mo ṣì jẹ́ tìrẹ títí di òní,
                                        Mẹ̀dínátù.