Ọ̀pá Pupa Wọ́ọ̀dù Kẹta

                                        Yàrá Àkọsílẹ̀,
                                        Ilé Ìwòsàn Aláboyún,
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé orúnkún yín ti ń jẹ́ kí ẹ gun àtẹ̀gùn? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé àwọn ọmọ ti jáwọ́ nínú ìjà bẹ́ẹ̀dì? Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó fèsì. Láti oṣù kẹjọ tí mo ti bímọ tí kò dúró, ọwọ́ mi kì í fẹ́ gbé bíro àyàfi lẹ́nu iṣẹ́.

Iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀gá dókítà ní kí n fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán gbogbo ìbí ọdún tó kọjá ní wọ́ọ̀dù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìwòsàn lè rí i. Bí iye bá ṣe pọ̀ tó ni ọ̀pá ń ga tó: ọ̀pá búlúù fún ọmọ tó yè, pupa fún èyí tí kò yè. Mo kọ́kọ́ to pupa lé búlúù lórí bíi fìlà. Gbogbo ọ̀pá ga, inú ọ̀gá dùn, wọ́n ní ó hàn pé iṣẹ́ wa ń gòkè.

Ìyá agbẹ̀bí àgbà wá dúró lẹ́yìn mi, wọ́n bi mí pé pupa wọ́ọ̀dù wo ló pọ̀ jù. Mo wò ó títí, mi ò lè sọ, torí búlúù tí pupa kọ̀ọ̀kan gùn lé kò ga bákan náà. Wọ́n ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Sọ̀ wọ́n kalẹ̀, kí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn."

Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo pààrọ̀ nínú àṣẹ tí mo kọ fún kọ̀ǹpútà. Pupa bọ́ sílẹ̀, ó dúró ti búlúù. Ti wọ́ọ̀dù kẹta ga ju ti méjì yòókù pa pọ̀ lọ. Mo tún yà á lóṣooṣù: láti oṣù karùn-ún ló ti ń ga. Ti oṣù kẹjọ jẹ́ mọ́kànlá. Èmi fúnra mi ni mo tẹ mọ́kànlá yẹn, mo sì mọ̀ pé tèmi wà níbẹ̀. Mi ò gbọ̀n, mi ò sunkún. Mo kan sọ lẹ́tà ìsàlẹ̀ rẹ̀ di ńlá díẹ̀, torí àwọn àgbà inú ìgbìmọ̀ kì í ríran dáadáa.

Ọ̀gá ní kí n dá a padà sí ti àkọ́kọ́, pé èyí á kó ìtìjú bá wa. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Ọmọ mi wà nínú ọ̀pá yìí." Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n wá ní kí n tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé, bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ fi ìka lé pupa yẹn, wọ́n béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá agbẹ̀bí dáhùn pé ẹ̀rọ tó ń fún ìkókó ní atẹ́gùn ní wọ́ọ̀dù náà ló bàjẹ́ láti oṣù karùn-ún, pé àwọn kọ̀wé títí, àwọn ò rí èsì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n gbé tuntun dé.

Wọ́n pè mí wá wò ó. Ìkókó kan wà nídìí rẹ̀, ó ń ju ẹsẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní mo kú iṣẹ́. Mo dúró díẹ̀, mò ń retí kí nǹkan kan ṣe mí. Kò sóhun tó ṣe mí. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo tẹ ti oṣù tuntun: wọ́ọ̀dù kẹta, pupa, ẹyọ kan.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ má sọ fún Màmá pé mi ò tíì sunkún. Ẹ ní mò ń jẹun.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ pọ̀n dàgbà,
Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.