Omi Àdúrà Tí Mo Dà Sórí Ẹ́ńjìnnì

Òkokomáìkò,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Joshua, àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí gbogbo ará ilé l'Abẹ́òkúta. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún rẹ ti fúyẹ́? Ara tèmi le kokooko, àfi eyín kan tó ń mì, mo sì ti ní kó máa mì lọ. Ìfẹ́, ọmọ Yéwándé àbúrò rẹ, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, torí o kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ kí o tó ní, "Màmá, mo ti gbọ́."

Ọ̀rọ̀ mọ́tò rẹ ni. Ní Sátidé tí o wá gbé e, tí ìwọ àti Tìmílẹ́hìn ọmọ rẹ wà á dé Ìjanikin láti dán an wò, tó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà dì mú, tó ń kú lójú títì, mo gbọ́ ohun tí o sọ fún un nígbà tí ẹ padà dé sọ́ọ̀bù n'Íbà. Níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni o ti ní ọdún mẹ́rin tó fi kọ́ṣẹ́ ti wọ igbó. O ní tó bá di ìparí oṣù, kó kó irin iṣẹ́ rẹ̀ dànù, kó wá bá ọ mọ búlọ́ọ̀kù l'Abẹ́òkúta. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ̀mù! Ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ tó máa dá pààrọ̀ nìyẹn. "Màá tún un wò, Dádì" nìkan ló sọ.

Joshua, ọmọ yẹn ò jẹ̀bi. Èmi ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé, kí o tó dé, ó wa mọ́tò náà wá sílé wa níbí kó lè fi hàn mí. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ yẹn dákẹ́ débi pé mo bi í pé ṣé ó ti pa á ni. Ó ní, "Màmá, ó ń ṣiṣẹ́ o!" Ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kó tútù, ó wọlé lọ wẹ̀. O mọ̀ mí, kò sí nǹkan tuntun tó wọlé yìí tí mi ò bu omi àdúrà sí. Mo ka Sáàmù tí mo mọ̀ lórí, mo sì da odidi ìgò lé e. Mo rò pé bíi mọ́tò oníkábúrétọ̀ tí bàbá rẹ ń wà ni, tí òjò ń pa tí kò bìkítà.

Láti Sátidé ni Tìmílẹ́hìn ti ń wá ohun tó ń ṣe é. Ó tú àwọn nọ́sù tó ń tú epo sínú ẹ́ńjìnnì, ó fọ̀ wọ́n. Ó yẹ wáyà wò, ó yẹ gbogbo rọ́bà tó lè máa fa afẹ́fẹ́ wò. Lánàá, ó yá ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ mọ́tò láti bi í pé kí ló ń dùn ọ́. Ẹ̀rọ yẹn ní púlọ́ọ̀gì kẹta ò ta iná. Ó tú u, omi ló kún kòtò ibẹ̀ dẹ́nu.

Mo jókòó níbẹ̀, mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un. Sàlámì ọ̀gá rẹ̀ pariwo, "Ta ló fọ ẹ́ńjìnnì yìí?" Ọmọ yẹn wò mí, ó ní, "Èmi ni, ọ̀gá. Mo fẹ́ kó mọ́ ni." Ọ̀gá ní, "Ẹ wá wo mẹkáníìkì alágbàfọ̀ o!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo palẹ̀ abọ́ mọ́, mo kọrí sílé.

Nílé, mo bi í pé kí ló dé tó gbà á sọ́rùn. Ó ní, "Màmá, bí Dádì bá gbọ́ pé ẹ̀yin ni, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ gbàdúrà fún nǹkan wọn mọ́." Láàárọ̀ yìí ó pè ọ́, ó tún ní òun ni. O gé fóònù mọ́ ọn létí. Mo rí ojú rẹ̀.

Ó ti fẹ́ omi náà gbẹ, ó ti pààrọ̀ kọ́ìlì tó ń gbé iná fún púlọ́ọ̀gì yẹn. Mọ́tò ti dákẹ́ bíi ti Fúráìdé. Bínú sí mi, ọmọ mi, èmi ló tọ́ sí. Ṣùgbọ́n má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó mọ̀ ọ́n.

Ọlọ́run á tù ọ́ lára. Ilé rẹ á tòrò. Ohun tí o bí á gbé ọ níyì, o ò ní fi ọwọ́ ara rẹ ti ìyì náà dànù.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tó sì ṣẹ̀ ọ́,
Màmá Joshua.

Mo tún rántí: Ìfẹ́ máa ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò sórí fóònù rẹ. Tìmílẹ́hìn ò mọ̀ pé mo kọ ọ́. Ní Fúráìdé tó ń bọ̀, òun ló máa wa mọ́tò náà wá bá ọ, èmi ni màá jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí o bá gbúròó wa, jáde. Pe ọmọ rẹ lórúkọ kí o tó wo mọ́tò.