Ohùn tí Ìkànnì Gààrí Wa Ń Dúró Dè

Oyèníkẹ́ ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ṣé òtútù Kánádà kò mú yín jù? Orúnkún ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo ń rìn. Ẹ̀gẹ́ oko Olúpọ̀nnà ta dáadáa. Mùínàt àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ èyí.

Ìkànnì tí ẹ̀gbọ́n rẹ Adédìpẹ̀ ṣe fún gààrí wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í tètè ṣí mọ́. Ó ń sú àwọn oníbàárà. Mo pe Ògúnkúnlé tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ní kí ìkànnì náà tó ṣí, ó máa ń ránṣẹ́ síta lọ mú nǹkan wá níbi mẹ́rin. Mẹ́ta kò wúlò, ó gé wọn. Ẹ̀kẹrin kì í dáhùn, ìkànnì sì ń dúró dè é.

Mo ní, "Kí ló ń dúró dè?"

"Ìyá àgbà, ohùn Adédìpẹ̀ tó fi ń kí oníbàárà ni. Wọ́n ti ti ibi tó tọ́jú rẹ̀ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pa látìgbà tó ti kú, kò sẹ́ni tó ń sanwó rẹ̀ mọ́."

Mùínàt bú sẹ́kún. Mo ní kí Ògúnkúnlé gé e. Bó ṣe gé e, ìkànnì ṣí, gààrí wa yọ lójú ẹsẹ̀.

Mo mọ̀ pé o ṣì máa ń ṣí ìkànnì náà, bóyá wàá gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ. Má ṣí i fún ìyẹn mọ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n gé e, má bá Mùínàt jà.

Bí ohùn rẹ̀ bá kù nínú fóònù rẹ àtijọ́, fi ránṣẹ́. Kó má tilẹ̀ ju "ẹ káàárọ̀" lọ, mo fẹ́ gbọ́ ọ.

Ọlọ́run kò ní fi tèmi ṣe tìrẹ. Àwọn ọmọ rẹ ni yóò sin ọ́.

Èmi ìyá bàbá rẹ, ní Ìwó.