Dìgírì Tàbí Dìpúlómà, àti Ọ̀rọ̀ Àǹtí Bísí

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìrọ̀lẹ́

Mo pe ilé ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn lónìí. Obìnrin tó gbé e ní, "Màdáámù, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ka sàìkọ́lọ́jì, ọdún méjì ni dìpúlómà, mẹ́rin ni dìgírì. Orí fóònù lẹ ti máa ka méjèèjì."

Mo bi í pé èwo ni wọ́n ti ń kọ́ nípa abísínwín. Ó ní, "Dìgírì ni, lọ́dún kẹrin. Ṣé kò sí wàhálà o?" Mo ní kò sí. Irọ́ ni mo pa.

Ọmọ Àǹtí Bísí, ẹ̀gbọ́n mi, ò tíì pé oṣù kan nígbà tí Àǹtí sọ fún mi pé, "Gbà á lọ́wọ́ mi, jọ̀ọ́. Ẹ̀rù ara mi ń bà mí." Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà yẹn. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ẹ kúkú sọ pé ẹ fẹ́ sùn." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jáde nílé, a ò rí i mọ́. Títí dòní, bí mo bá dé ibùdókọ̀ Bọ́ládé, ojú àwọn obìnrin tó ń sùn lẹ́bàá títì ni mo máa ń wò.

Bàbá Tómi fẹ́ ká bí èkejì. Ó ní, "Ìyá Tómi, mú dìpúlómà, ìyẹn ló yá." Kò mọ̀ pé nígbà tí Tómi wà ní jòjòló, ẹ̀rù ara mi ba èmi náà.

Mo mú dìgírì. Mo ní kí èkejì dúró ná. Ó ní, "Títí dìgbà wo?" Mo ń fọ abọ́ mi lọ.